Ẹni Tó Di Apá Ọ̀tún Tìjání

Apá ọ̀tún ni Tìjání fi ń jẹun. Òun náà ló fi ń kọ ebè. Apá yìí kan náà ni lọ́rì ṣẹ́ létí ọ̀nà Arandun, nígbà tí Lawrence, dírẹ́bà lọ́rì náà, ń fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn láìwẹ̀yìn. Ìpínlẹ̀ Kwárà ò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ nígbà náà.

Wọ́n so igi mọ́ apá náà. Ó ń jinná. Ṣùgbọ́n òjò ti fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, ilẹ̀ ò ní í pẹ́ le. Bí ọyẹ́ bá dé kí ebè tó délẹ̀, kò síṣu nílé Tìjání lọ́dún tó ń bọ̀.

Àfísù àbúrò rẹ̀ ń gbóná. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gbé dírẹ́bà náà lọ sí kóòtù!"

"Adájọ́ á wá bá mi kọ ebè?"

"Á ní kó sanwó."

"Nígbà wo?"

Ẹjọ́ ilẹ̀ àwọn àna Àfísù ti wà ní kóòtù kí òyìnbó tó lọ, wọn ò sì tíì dá a.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Lawrence dé láti Òkè-Ọdẹ pẹ̀lú Rúùtù ìyá rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, ẹ fojú àánú wò ó," ni Rúùtù wí. "Wọn kì í ti kóòtù dé ṣọ̀rẹ́."

"Ìyá, ẹ ti tọ́jú apá. Ebè ló kù. Inú àáró ni mo wà: mo kọ fún wọn, wọ́n kọ fún mi. N ò lè kọ mọ́. Kí ọmọ yín wá dúró fún mi."

Lawrence gbà. Oko ni wọ́n ti tọ́ ọ kó tó sá tọ ọkọ̀ lọ. Wọ́n pa obì. Ó parí.

Kò parí. Kò sẹ́ni tó rántí bi àwọn aláàáró.

Lóko, Ọláìyá, olórí wọn, fi ọkọ́ tilẹ̀. "Ta nìyí?"

"Lawrence ni, dírẹ́bà lọ́rì yẹn. Òun ni yóò dúró fún mi."

"Tìjání, o mọ òfin. Ọmọ ẹni nìkan ló ń dúró fúnni. Bí àlejò bá sá, ta la ó mú?"

"Kó má fẹ̀yìn rìn lórí ebè wa o!" ni ẹnìkan ké. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lawrence wolẹ̀.

Tìjání náà wolẹ̀. Apá ń dùn ún. Kò tíì dárí ji ọmọkùnrin yìí. Ebè ló fẹ́, kì í ṣe ọmọ. Bí òun bá pè é lọ́mọ, ọ̀rọ̀ ọmọ náà di ti òun nìyẹn. Bí Lawrence bá sá, orí òun ló máa bọ́ sí. Ilẹ̀ ṣì tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kó le.

"Ọmọ mi ni."

"Ọmọ rẹ? Lawrence?"

"Mo bí i sí ṣọ́ọ̀ṣì ni."

Ọláìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi gbára lé ọkọ́. "Ó dáa. Kí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì bọ́ sí poro!"

Ebè àkọ́kọ́ tí Lawrence kọ wó. Èkejì gùn gbọọrọ.

"Fẹ ìdí rẹ̀, ọmọ mi!" Tìjání pariwo láti abẹ́ igi. "Ibo niṣu máa sùn sí?"

Kò sẹ́ni tó bi í léèrè lọ́tẹ̀ yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló pè é lọ́mọ.

Wọ́n kọ ebè oko àwọn yòókù tán. Lọ́jọ́ tó kan ti Tìjání, Lawrence ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ó gbé ọkọ́ sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ọkọ́ wọlẹ̀ ṣinṣin. Ilẹ̀ ṣì rọ̀.