Ìyá Sẹ̀nàmi ní àwọn kò níṣẹ́

Ọkọ̀ ojú omi fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀ ní Gberefu, erékùṣù wa ní Badagry, lónìí, mo ṣì ń kan sáárá sí i.

Ìjọba ló rán an wá láti bèèrè ẹni tó níṣẹ́ àti ẹni tí kò ní. Ó bá Ìyá Sẹ̀nàmi, aládùúgbò wa, níbi tí wọ́n ti ń rin àgbọn.

"Ìyá, ṣé ẹ ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

"Iṣẹ́ wo? Bàbá Sẹ̀nàmi tó ń pẹja ló níṣẹ́. Ilé lèmi wà."

Ọlọ́kọ̀ ń pariwo: "Àǹtí, a ń lọ o!"

Ó kù díẹ̀ kí ọmọbìnrin náà tẹ "kò níṣẹ́" sórí fóònù rẹ̀. Ó wo ọwọ́ ìyá, ó bá jókòó.

"Kí lẹ fẹ́ fi àgbọn yìí ṣe?"

"Àdín àgbọn ni. Ọjà Agbalata ni mo ti ń tà á."

"Tẹ́ ẹ bá sinmi lọ́sẹ̀ kan ńkọ́?"

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Bí òkun bá wá ń bínú, tí Bàbá Sẹ̀nàmi ò lè pẹja, kí la máa jẹ?"

Ọmọbìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n níṣẹ́. Ọkọ̀ ti lọ.

Mo máa ń ka iye àwọn aláìníṣẹ́ tí ìjọba ń gbé jáde. Mélòó nínú wọn ni ẹni tó wá bèèrè kò lè dúró bi léèrè lẹ́ẹ̀kejì?

Ẹ bi ìyá yín bóyá wọ́n níṣẹ́, kẹ́ ẹ wá sọ ìdáhùn wọn fún mi níbí.