Àwọn Ife Tánganran Ìyá Bàbá Mi

Mo rántí bí ìyá bàbá mi ṣe máa ń fi èékánná ta etí ife kí ó tó rà á. Bí ó bá dún gooro bí agogo, a gbé e sókè sí oòrùn, a ki ìka bọ inú rẹ̀, kí ó lè rí òjìji ìka náà láti ẹ̀yìn. Ife tánganran àwọn òyìnbó ni mò ń wí, èyí tí wọ́n fi ń mu tíì, tó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, tí wọ́n ya òdòdó sí lára. Ní Igbó-Ọrà nígbà náà, bí dókítà tàbí olùkọ́ òyìnbó kan bá fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀, a ta ẹrù ilé rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn a máa du bẹ́ẹ̀dì àti àga. Ìyá àgbà, tó ń ta gààrí, ife ló máa ń gbé bọ̀. Bí ó bá kó gààrí lọ sí Ìbàdàn, a tún wá a dé ìsọ̀ àwọn tó ń ta ẹrù àlòkù. Àwọn àgbà kò purọ́: ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Aṣọ ìyá àgbà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì rẹ̀ kún dẹ́nu.

Gbogbo ilé gbà pé àlejò ńlá kan ló ń kó wọn pamọ́ dè. Èmi ń retí ọjọ́ náà, mo tilẹ̀ ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń na ìka kékeré sókè mu tíì, bí mo ṣe rí i nínú ìwé.

Nígbà tí mo wọ ilé-ìwé girama ní Èrúwà, olùkọ́ wa kan sọ pé eérú eegun ẹran ni wọ́n ń pò mọ́ amọ̀ irú ife bẹ́ẹ̀ tó fi ń funfun. Ara mi kò gbà á. Mo délé, mo tú u sílẹ̀ nídìí oúnjẹ. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé ni, kò sì sí ohun tí kì í béèrè ìdí rẹ̀. Ó bi mí pé eegun ẹran wo, ta ló dú u, ṣé wọ́n dárúkọ Ọlọ́run sí i? N kò mọ̀. Ó ní kí àwọn ife náà kúrò nílé kí ààwẹ̀ tó wọlé.

Ìyá àgbà kò bá ọmọ rẹ̀ jà. Ó kàn ní kí wọ́n bá òun pe Àáfà àdúgbò. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo bá a níwájú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Àáfà dé, ó yí ife kan síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó ní òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé haráámù ni, òun kò sì lè ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ìyá Àlàájì, ohun tó bá rú wa lójú, ká fi í sílẹ̀ ló dáa. Ẹ má fi wọ́n mu nǹkan mọ́."

Ìyá àgbà dáhùn pé, "Àáfà, ẹ bi wọ́n nínú ilé yìí, bóyá ẹnì kan ti rí mi rí kí n fi ọ̀kan mu omi. Wíwò ni mò ń wò wọ́n."

Bàbá mi wò mí, mo wò ó. Kò sẹ́ni tó rí i rí lóòótọ́. Àáfà bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun kò tíì kà á níbì kankan pé wíwo ohun tó dára di ẹ̀ṣẹ̀. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló bá ìyá rẹ̀ kó wọn padà sáyè wọn.

Nínú ilé wa nígbà yẹn, kò sí ohun tí kò níṣẹ́: ọkọ́ ń roko, odó ń gúnyán, àwa ọmọ ń ru gààrí. Ìyá àgbà nìkan ló ní ohun tí kò bẹ̀ níṣẹ́ kankan. Èmi náà ti ra irú àwọn ife bẹ́ẹ̀ báyìí, tíì ni mo sì ń fi wọ́n mu láràárọ̀. N kò tíì fẹ́ràn ọ̀kan nínú wọn tó bí ìyá àgbà ṣe fẹ́ràn tirẹ̀.