Ọjọ́ Tí Mo Mú Ọmọ Mi Lọ Kọ́ Ìlúwẹ̀ẹ́ ní Òṣogbo

Nígbà tí ìyàwó mi lọ sí ìlú Ọba láti lọ máa tọ́jú àwọn arúgbó, ọmọ wa obìnrin kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Èmi àti ọmọ náà la kù sílé ní Ìlobù. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbẹ̀. Bí mo bá ti jáde níbi iṣẹ́, màá lọ mú un nílé ẹ̀kọ́ tirẹ̀, àwa méjèèjì á jẹun, a ó wo tẹlifíṣọ̀n bí iná bá wà, òun á sì sùn lọ lórí àga. Bó bá ti sùn, kò tún sí ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀ mọ́ nínú ilé náà.

A kì í dá wà báyẹn tẹ́lẹ̀. Ọmọ Ìfọ́n ni ìyàwó mi, ìyá rẹ̀ sì ń gbé níbẹ̀. Láti ilé wa, ká fẹsẹ̀ rìn ín ni. Òpin ọ̀sẹ̀ kì í kọjá kí ọmọ yìí má lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà, á sì padà wálé tòun ti ẹ̀pà nínú àpò. Nígbà tí ìjà ilẹ̀ tún bẹ́ sílẹ̀ láàrin ìlú méjèèjì, àwọn ọmọ ìyá àgbà wá mú wọn lọ sí Ìbàdàn. Títì tó lọ sí Ìfọ́n ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n a ò ní ẹni tí a fẹ́ lọ kí mọ́. Àwọn ará àdúgbò á kí mi dáadáa, wọ́n á béèrè ìyàwó, wọ́n á béèrè ọmọ, àmọ́ wọn kì í pẹ́ lọ́dọ̀ mi bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n mọ ibi tí àwọn àna mi ti wá.

Ìyàwó mi ló mú ọ̀rọ̀ ìlúwẹ̀ẹ́ wá. Ó pè lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

Ó ní, "Dádì, wọ́n máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìlúwẹ̀ẹ́ nílé ẹ̀kọ́ níbí o. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé òun nìkan ni kò ní mọ̀ ọ́n tó bá dé. Ẹ bá mi wá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọdé."

Mo ní, "Èmi gan-an ò mọ odò wẹ̀."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kọ́ ọ."

Mo ní ó dáa. "Tó bá dé" ló sọ, kò sọ pé "tí ẹ bá dé." Wọn ò fún mi ní físà, ti ọmọ nìkan la ṣì ń retí. A kì í sọ ọ́ lórí fóònù.

Mo rí ibì kan ní Òṣogbo, ṣùgbọ́n mo pe ìyá àgbà ní Ìbàdàn kí n tó mú un lọ. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, a kì í bá omi ṣeré."

Mo ní, "Màmá, inú ilé ni, mà. Wọ́n fi táìlì ṣe é, òrùlé sì wà lórí ẹ̀."

"Ṣé ìwọ náà á wà níbẹ̀?"

"Màá wà níbẹ̀, mà."

Wọ́n ní kí n má gbójú kúrò lára rẹ̀.

Nígbà tó di Sátidé, a wọ kọ̀rọ̀pẹ́ lọ sí Òṣogbo. Obìnrin kan ládùúgbò ti bá mi di irun rẹ̀, ọmọ ò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Nínú ọkọ̀, ó bi mí bóyá ẹja wà nínú omi tí à ń lọ. Mo ní kò sí. Ó ní, "Ṣé Mọ́mì máa wà níbẹ̀?" Mo ní, "Rárá, èmi àti ìwọ ni." Ó kọjú sí fèrèsé títí a fi débẹ̀.

Ẹ̀yìn hòtẹ́ẹ̀lì kan ni púùlù ìlúwẹ̀ẹ́ náà wà, nínú yàrá ńlá kan tí òrùlé rẹ̀ ga. Òórùn oògùn tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun ló pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Ohùn ń lu ògiri, ó ń padà wá, tó fi jẹ́ pé bí ọmọ méjì bá ń rẹ́rìn-ín, á dà bíi pé wọ́n pọ̀ gan-an. Àwọn ìyá jókòó sórí àga rọ́bà. Wọ́n mọ ara wọn. Mo kí wọn, wọ́n dáhùn, wọ́n sì padà sínú ọ̀rọ̀ wọn. Àga kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àmọ́ wọ́n ti gbé báàgì sórí rẹ̀, ojú sì ń tì mí láti ní kí wọ́n gbé e kúrò. Mo dúró.

Ọkùnrin kì í wọ ibi tí àwọn ọmọbìnrin ti ń pààrọ̀ aṣọ. Mo bẹ ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà pé kó bá mi mú ọmọ wọlé.

Ó ní, "Ìyá ẹ̀ ńkọ́, sà?"

Mo ní, "Ó rìnrìn àjò."

"Ẹ kú ìtọ́jú o." Ó mú un lọ́wọ́ lọ.

Nígbà tí wọ́n jáde, mo rí i pé aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ tóbi jù ú lọ. Ìyá rẹ̀ rò pé á ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi okùn so ó lẹ́yìn.

Obìnrin tó ń kọ́ wọn kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó ní kí àwọn ọmọ jókòó sí etí omi, kí wọ́n ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Gbogbo wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tèmi fẹ̀yìn ti ògiri.

"Mi ò wọ̀ ọ́. Ẹ bá mi pe Mọ́mì."

Mo bẹ̀ ẹ́, mo tàn án, ó ń sọ ohun kan náà ṣáá, ó wá bú sẹ́kún. Ẹkún náà kún gbogbo yàrá. Àwọn ìyá ń wò wá.

Olùkọ́ náà wá bá mi. "Ẹ̀rù ló ń bà á, sà. Ṣé ẹ lè bá a wọ̀ ọ́?"

"Àǹtí, mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀ o."

"Kò ní kọjá ìbàdí yín, sà. Ẹ ṣáà dúró síbẹ̀."

Wọ́n yá mi ní ṣòkòtò péńpé kan. Omi náà tutù, ẹsẹ̀ mi ń yọ̀ lórí táìlì, mo di irin ẹ̀gbẹ́ mú. Mi ò wọ omi tó tó yẹn rí láyé mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, etí odò Ẹrinlẹ̀ ni mo máa ń dúró sí tí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń wẹ̀, torí ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi. Mo na ọwọ́ sí ọmọ mi. Ó ronú díẹ̀, ó sì fò mọ́ mi lọ́rùn.

Ó dì mọ́ mi gan-an. Mo ń gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù mọ́ àyà mi. Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti dì mọ́ mi, mo sì gbàdúrà nínú mi pé kí ẹ̀rù náà má tètè lọ.

Olùkọ́ ní kó gbé ẹnu sínú omi, kó fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ tíì gbígbóná. Ó fẹ́ ẹ, omi hó, ó rẹ́rìn-ín. Ó tún ṣe é. Lẹ́yìn náà, olùkọ́ ní kí n tẹ́ ẹ sórí ọwọ́ mi méjèèjì, kó máa fi ẹsẹ̀ lu omi. Olùkọ́ dúró sínú omi níwájú wa, ó na ọwọ́.

"Ẹ fi í sílẹ̀ báyìí, sà."

Mi ò fi í sílẹ̀. Ó tún sọ ọ́. Mo ń ṣe bíi pé ariwo ò jẹ́ kí n gbọ́.

Ọmọ náà ló sọ̀rọ̀. "Dádì, ẹ fi mí sílẹ̀."

Mo yọ ọwọ́. Ó rì díẹ̀, ó gbérí, ó ń fi ẹsẹ̀ lu omi kíkankíkan títí ó fi bá ọwọ́ olùkọ́. Àwọn ìyá pàtẹ́wọ́. Kò bojú wẹ̀yìn. Ó ń bi olùkọ́ bóyá kí òun tún ṣe é.

Olùkọ́ ní, "Ẹ lè jáde, sà. Ó ti tó."

Mo jáde, mo fi aṣọ ìnura bora. Inú mi dùn, mo sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti sọ pé, "Ṣé o rí i?" Báàgì orí àga yẹn ni mo rí.

Lọ́sàn-án, ìyàwó mi pè láti ibi iṣẹ́. "Ṣé ẹ gbà á sílẹ̀ ní fídíò?"

"Inú omi ni mo wà."

Ó wá ní, "Ẹ rò ó fún mi, ẹ má fo nǹkan kan." Mo rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti yọ ọwọ́, mo gbọ́ pé ó ń sunkún. Ó ní ìsinmi òun ti parí, ó ní kí n bá òun gbá a mọ́ra.

A ń lọ bẹ́ẹ̀ ní Sátidé Sátidé títí físà rẹ̀ fi jáde tí ìyá rẹ̀ wá mú un. Nígbà yẹn, ó ti lè la púùlù náà kọjá láìsí ẹni tó dì í mú. Ní pápákọ̀ òfurufú, ó júwọ́ sí mi títí wọ́n fi ṣẹ́ kọ́nà.

Ó máa ń pè mí. Yorùbá rẹ̀ ti ń lọ́ díẹ̀díẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó bi mí pé, "Dádì, ta lẹ máa ń bá jẹun?"

Mo wo abọ́ kan ṣoṣo tó wà níwájú mi, mo ní èmi àti àwọn ará ilé ni.

Ó ní, "Ó dáa," ó sì gbé fóònù fún ìyá rẹ̀.