Ọwọ́ Òsì Ìyá Onílé Mi

Èéfín ààtàn Ìgàndó ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Bí wọ́n bá ti ń sun pàǹtí níbẹ̀ lásìkò ọyẹ́, kò sí aṣọ téèyàn fọ̀ tí kì í gbóòórùn rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń wí yìí, èéfín náà bo pápá ìsọjí tó wà lẹ́bàá ọ̀nà Ìkọ̀tún débi pé a ò rí ibi tí èrò parí sí. Èmi àti ìyá onílé mi la jọ wá láti Ìdímù. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn kan tí kò jìnnà síbẹ̀, ọjọ́ ìsinmi mi sì ni, ṣùgbọ́n ta ló tó sọ fún ìyá onílé pé òun ò lọ?

Oníwàásù ní ká dijú, ká gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Gbogbo pápá pa lọ́lọ́. Èmi yọjú wò díẹ̀, torí ara mi kò lélẹ̀. Ọwọ́ ló kún iwájú mi lọ bí oko àgbàdo, kò sì sí ojú kan tó là. Ẹ̀gbẹ́ mi gan-an ni mo ti rí i pé ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni ìyá onílé gbé. Ti òsì rọ̀ sílẹ̀.

“Mà, ẹ gbé ìkejì náà.”

“Mo ti gbé e, jàre.” Ohùn rẹ̀ wúwo bíi ti ẹni tó ń sùn. Ó dijú, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu rẹ̀ ló ń rín in.

Ẹ̀rù bà mí gidi. Mo mọ̀ pé rọpárọsẹ̀ ni, pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ibì kan nínú ọpọlọ rẹ̀. Kí n tó dì í mú, ó ti ṣubú. Àwọn ọ́ṣà tó ń tọ́jú èrò sáré dé, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó, bí wọ́n ṣe ń bo gbogbo ẹni tó bá ṣubú lábẹ́ àdúrà. Àwọn mìíràn ti wà nílẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀, tí aṣọ bò wọ́n, tí wọn ò mira.

“Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n o, sísítà,” ni olórí àwọn ọ́ṣà wí. “Ẹ̀mí ló ń bá wọn ṣiṣẹ́.”

“Sà, ọpọlọ wọn ló ń kú! Ohun tí dókítà lè ṣe nísinsìnyí, kò ní ṣeé ṣe mọ́ tó bá dalẹ́.” Mo ṣí aṣọ náà. Bàbá náà wo ẹnu tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó pe Jésù, ó sì fọn fèrè pe àwọn yòókù.

A gbé ìyá sórí àga oníke. Èrò lanà fún wa, síbẹ̀ wọn ò lajú, wọn ò sì sọ ọwọ́ kalẹ̀. Abẹ́ ọwọ́ wọn la gbà kọjá. Àwọn kan ń fọwọ́ pa ìyá lórí, wọ́n ń ṣe “Àmín” láìmọ ẹni tí wọ́n fọwọ́ kàn. Mo ti pe wọ́ọ̀dù wa nílé ìwòsàn lórí fóònù, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tò wá sórí ìlà káàdì. Nígbà tí a débẹ̀, dókítà ti dúró lẹ́nu géètì.

“Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?”

“Lẹ́yìn orin tó ṣáájú àdúrà, sà. Nígbà orin náà, wọ́n ṣì ń fi ọwọ́ méjèèjì pàtẹ́wọ́.”

Ó ní ìdáhùn yẹn ló jẹ́ kóun mọ ohun tóun lè dán wò.

Ìyá yè, ó ń sọ̀rọ̀, ó tún ń bá àwọn ayálégbé jà nítorí omi. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì tuntun pé kí wọ́n má bi aláìsàn bóyá ọwọ́ rẹ̀ gòkè, kí wọ́n fojú ara wọn wò ó. Mo sọ ọ́ fún ìyá náà lọ́jọ́ kan tí a jọ ń ṣa ẹ̀wà. Ó rẹ́rìn-ín.

“Ìwọ lo rí i pé ọwọ́ mi wà nílẹ̀,” ló wí. “Èmi mọ̀ pé mo gbé e. Ẹnì kan dì í mú lókè níbẹ̀, ó ń fà mí, ìwọ ni o ò jẹ́ kí n lọ.”

Mo di ọwọ́ òsì náà mú títí ó fi ní kí n jẹ́ kóun ṣa ẹ̀wà òun.