Àtàǹpàkò Ara Irin

Òórùn òrí yíyọ́ ni ó máa ń jí mi lówùúrọ̀ ọyẹ́ ní Òkukù, láyé ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń mu omi. Bàbá mi ni wọ́n fi ṣọ́ omi náà ní ìdíkọ̀. Inú yàrá rẹ̀ ni àwọn ọmọrí fáàfù wà, irin dídán tí ń sé omi mọ́nú páìpù, tí wọ́n pa mọ́ de ọjọ́ tí ti ara páìpù bá bàjẹ́. Bàbá á fi àkísà ta òrí sí wọn lára, á fi bébà wé wọn bí ọmọ tuntun. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ lásán kàn wọ́n. "Iyọ̀ ń bẹ lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn," ni ó máa ń wí, "irin kò sì fẹ́ iyọ̀."

Ọ̀kan nínú wọn lápàá. Ẹ̀gbọ́n Bàbá, tí ó ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú rẹ̀, ló fi ìkánjú dì í mú lọ́jọ́ kan, kò sì ráyè nù ún kó tó ṣàìsàn kú. Ìpẹtà jẹ ojú ibẹ̀, ó ya àtàǹpàkò rẹ̀ sílẹ̀ tìlàtìlà. Bàbá fi òrí bò ó kí ìpẹtà má baà tàn, ṣùgbọ́n kò fá a kúrò. Ẹ̀gbọ́n náà kò ya fọ́tò rí; ojú àtàǹpàkò yìí nìkan ló kù lára rẹ̀. Òbí kì í sì í mọ sàréè ọmọ. Ìdí nìyẹn tí Màmá, ìyá àwọn méjèèjì, fi kó kúrò nílé wa ní Ìníṣà níbi tí wọ́n sin ín sí, tó wá bá wa gbé. Bí Bàbá bá ti ń tú bébà, Màmá á fa àpótí sún mọ́ ọn, á máa wo irin náà. Èmi á wò ó, màá wá wo ọwọ́ ara mi, ẹ̀rù á sì bà mí.

Lọ́yẹ́ ọdún kan, ọmọrí fáàfù ara páìpù fọ́. Omi ń ṣòfò, ọkọ̀ sì ti kúrò ní Ọ̀fà. Wọ́n ti kó ìyókù lọ sí Ìkìrun; irin alátàǹpàkò yìí nìkan ló kù nílé. Bí wọn kò bá fi sáńpépà fá ojú rẹ̀ kó jọ̀lọ̀, omi á máa jò ni. Bàbá gbé e lé itan, kò lè fá a. Ó ní òun á sọ fún ọ̀gá ìdíkọ̀ pé kò sí ọmọrí mọ́.

Màmá gba irin náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó nu òrí kúrò, ó gbé àtàǹpàkò tirẹ̀ lé ti ọmọ rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dá a padà.

"Fá a," ni ó wí. "Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ni omi yẹn. Má jẹ́ kó bàjẹ́ nítorí tèmi."

Bàbá fá a. Ó ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí omijé má baà kán sára irin. Nígbà tí wọ́n fi í sí páìpù, omi kò jò mọ́. Ọkọ̀ dé, ó mu àmuyó.

Nígbà èwe mi, ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ọwọ́ ènìyàn lè jẹ irin. Lónìí, tí ọmọ ti kú mọ́ èmi náà lójú, Màmá ló ń yà mí lẹ́nu.