Ọ̀nà Tí Leah Ń Ṣán

Inú ń bí mi bí mo ti ń kọ èyí, ẹ jẹ́ kó máa bí mi.

Bí sọ́ọ̀ṣì bá ti jáde lọ́jọ́ Ìsinmi, Leah Akíntóyè á gbé kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀, ó di ibojì ọkọ rẹ̀. Ahéré wọn àtijọ́ ni wọ́n sin ín sí, ní òdìkejì odò Ọ̀wẹnà. Láti Bọ́lọ́rundúró, ọ̀nà kan ṣoṣo ló débẹ̀, èyí tí ọkọ̀ agbégẹdú ń gbà nígbà kan, tí igbó ti fẹ́ gbé mì. Níbi tó bá tẹ́jú, á gun kẹ̀kẹ́. Níbi tó bá ti dà gẹ̀rẹ́ sí àfonífojì, á sọ̀ kalẹ̀, á máa tì í.

Tẹ́lẹ̀, gbogbo ilé ló ń mú àdá jáde ṣán ọ̀nà yìí kí Kérésìmesì tó dé. Ẹni tí kò bá wá, wọ́n á gba àkùkọ rẹ̀. Ọ̀kadà dé, ọ̀nà ọlọ́dà dé, ni ọ̀lẹ bá dé. Wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún opó kan, wọ́n á wá máa kí i láti orí ọ̀kadà pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Ìkíkúkìí!

Lọ́dún tó kọjá, Bọ́láwálé, ọmọ onílẹ̀ tó ń gbé Àkúrẹ́, ta ilẹ̀ etí odò tí ọ̀nà náà gbà kọjá, ó sì fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún dí i pa. Leah pè é síwájú baálẹ̀. Àwọn ọkùnrin àdúgbò pé síbẹ̀, wọ́n ń wo ilẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú," Bọ́láwálé ń rẹ́rìn-ín. "Àṣà wa ni pé ọ̀nà tí àdúgbò bá ń ṣán ni ọ̀nà. Èyí tí ẹnì kan bá ń dá ṣán, oko onítọ̀hún ni."

Ta ni yóò jiyàn? Àdá gbogbo wọn ti dípẹtà nílé.

Leah dìde. "Ta ló ń dá a ṣán?"

"Ẹ̀yin ni, màmá."

"Oko mi nìyẹn. Ìgbà wo lo bi mí kí o tó tà á?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu ọmọkùnrin náà. Baálẹ̀ ní kó lọ tú wáyà rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, gbogbo wọn ti wà lójú ọ̀nà tàdá tàdá, àwọn Kìrìsìtẹ́nì tí kì í fọwọ́ kan àdá lọ́jọ́ Olúwa! Wọ́n ń ṣán, wọ́n ń dárin. Ojú ò tilẹ̀ tì wọ́n. Leah ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé, ó wò wọ́n tokè tilẹ̀.

"Ẹ kú àtijọ́ o," ló wí. Ó gun kẹ̀kẹ́, ó gba àárín wọn kọjá, ó lọ kí ọkọ rẹ̀.