Aago Tó Ń Gbọ̀n Lọ́wọ́ Morákinyọ̀

Bí ẹ bá rí aago ọwọ́ tí mò ń wí yìí, ẹ ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí ààtàn kíá. Ojú rẹ̀ ti sán láti igun kan dé ìkejì. Okùn rẹ̀ ti já, aránbàtà kan ní Fante New Town, ní Kumasi nílẹ̀ Ghana, ló fi awọ rán òmíràn sí i. Bátìrì rẹ̀ kò lè dé ọ̀sán mọ́. Irú aago tó ń bá fóònù ṣiṣẹ́ ni, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní sìmáàtì wọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ogbó ti dé sí i.

Morákinyọ̀ tó ni ín kò gbà kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Káfíńtà ni ní Anloga Junction. Ìdí ẹ̀rọ ayùn ńlá tí wọ́n fi ń la pákó ló ti ń jẹun láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Princess, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Accra, ló ra aago náà fún un, òun náà ló sì ń bẹ̀ ẹ́ báyìí pé kó jẹ́ kí òun ra tuntun. Bí ó bá ti pè, bàbá a ní, "Mo wà dáadáa, ọmọ mi, Olúwa á ṣọ́ ẹ, ìyá rẹ nìyí," a sì ti fóònù sí ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ kí ọmọ tó sọ gbólóhùn kejì.

Ìyàwó náà, Adéfọlá, ni ọ̀rọ̀ aago yìí kò jẹ́ kó gbádùn. Kumasi ni wọ́n bí i, Kumasi ni wọ́n bí ìyá rẹ̀; òwú, bọ́tìnnì àti síìpù ló ń tà. Obìnrin dáadáa ni o, ṣùgbọ́n kò sí ìkòkò tí wọ́n dé tí ọwọ́ rẹ̀ kì í yún un láti ṣí. Ó ti fa ọkọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Bantama rí. Ọmọbìnrin tó ń tajà so aago tuntun mọ́ Morákinyọ̀ lọ́wọ́, aago tó ń dán gbinrin. Morákinyọ̀ ní kí wọ́n so ó pọ̀ mọ́ fóònù òun, kí ìyàwó òun sì pe òun. Adéfọlá pè é. Ọkọ di ojú, ó dúró díẹ̀, ó mi orí, ó sì tú aago sílẹ̀.

"Kò lágbára," ló wí.

"Kí ni kò lágbára? Ṣé pákó ni yóò máa bá yín gbé ni?"

 Ọkọ ti ń lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wọ tròtrò, ọkọ̀ akérò wọn.

Ohun tó wá da gbogbo rẹ̀ rú ni fíláàṣì. Ẹ kúkú mọ̀ ọ́n: kéèyàn pe ẹlòmíràn, kó sì pa á kí onítọ̀hún tó gbé e. Lọ́jọ́ kan tí Morákinyọ̀ ń wẹ̀, ó fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, Adéfọlá sì yọjú wò ó. Ó yọjú ni o, kò jí i wò. Bẹ́ẹ̀ ló sọ fún mi. Ìpè tí wọn kò gbé kún ibẹ̀ fọ́fọ́, orúkọ kan náà ló sì wà lórí gbogbo wọn. Láàárọ̀, Kwabena. Lọ́sàn-án, Kwabena. Nírọ̀lẹ́, Kwabena.

Háà! Kwabena wo? Kwabena tí Adéfọlá mọ̀ ni èyí tó ń bá ọkọ rẹ̀ fa pákó jáde ní òdìkejì ayùn, gígùn pákó kan péré ló sì wà láàárín àwọn méjèèjì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èèyàn tó dúró níwájú ẹni, kí ni wọ́n ń fi fóònù pè é sí? Ọkàn rẹ̀ sáré lọ síbi tí ọkàn ìyàwó máa ń sáré lọ. Obìnrin ni! Ó ti fi orúkọ ọkùnrin bò ó! Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ Fuseina tó ń ta ògì gbígbóná tí wọ́n ń pè ní kókò lẹ́bàá ibi iṣẹ́ wọn, tó máa ń dá bàbá lóhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ní ọjọ́ kejì ó pe nọ́ńbà náà láti ìsọ̀ rẹ̀.

"Maame, maakye," ni Kwabena gan-an fi kí i káàárọ̀, ariwo ayùn ń hó lẹ́yìn rẹ̀.

"Kwabena! Kí ni mo gbọ́ pé o ń fíláàṣì ọkọ mi láti òwúrọ̀ dé alẹ́?"

Kwabena, tó ti gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀ títí tó fi mọ̀ ọ́n sọ, rìn kúrò níbi ariwo náà. "Maame, mepa wo kyɛw," ló wá wí, ó ń bẹ̀bẹ̀. "Ẹ bi Bàbá léèrè." Ó sì pa fóònù.

Ojú ti Adéfọlá nítorí Fuseina tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ojú títì kò pa ìtọpinpin. Kí ló wà níbẹ̀ tí Kwabena kò lè sọ?

Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ kan, aago kú pátápátá. Morákinyọ̀ tẹ̀ ẹ́, ó nù ún, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lára. Jìnnìjìnnì bò ó bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ilé rẹ̀ ń jó. Adéfọlá ní òun yóò gbé e lọ bá Táhírù tó ń tún fóònù ṣe ní Bantama. Ọkọ ní, "Jọ̀wọ́, má fi sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ o."

Táhírù ṣí ẹ̀yìn aago. "Bátìrì ló wú. Mo lè fi òmíràn sí i, ṣùgbọ́n mo ní láti wá a. Lọ́la lọ́sàn-án, in shaa Allah. Bó bá jẹ́ tèmi, Màámá, tuntun ni n bá ní kí ẹ rà. Ẹ tún èyí ṣe lónìí, nǹkan míràn á bàjẹ́ lọ́la."

Ó fi wáyà fún aago níná kó lè yẹ inú rẹ̀ wò, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló ni èyí? Gbogbo nǹkan ló ti pa. Kò fi í ka ìrìn, kò fi í wo bí ọkàn ṣe ń lù. Gbígbọ̀n nìkan ló fi sílẹ̀, ó sì gbé e dé òkè pátápátá. Ṣé oorun onítọ̀hún le tó bẹ́ẹ̀ ni?" Ó fi aago kan Adéfọlá lọ́wọ́. Gbígbọ̀n náà dé ìgúnpá obìnrin náà.

Nínú tròtrò tó ń gbé e padà láìsí aago, Adéfọlá ń rò ó. Kò lágbára. Gbígbọ̀n. Fíláàṣì. Fóònù Princess tó máa ń tì sí òun lọ́wọ́. Ó rántí pé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọkọ òun kì í ṣe àmín àfi bí àwọn tó kù bá ti ya ẹnu. Ó pinnu pé òun yóò dán nǹkan kan wò bí ilẹ̀ bá mọ́. 

Ilẹ̀ mọ́. Láràárọ̀ ni Adéfọlá máa ń kúnlẹ̀ kí ọkọ rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ìkíni náà kì í sì yà: ẹ káàárọ̀, ṣé ẹ sùn dáadáa, ara ńkọ́, Ọlọ́run á dá ọmọ wa sí, Olúwa á jẹ́ ká rí alẹ́. Lọ́jọ́ yìí ó kúnlẹ̀, ó ya ẹnu, kò sì jẹ́ kí ohùn jáde. Ètè nìkan ló ń mì.

"Káàárọ̀ o, Fọlá," ni Morákinyọ̀ dáhùn, ó ń wọ bàtà iṣẹ́.

Adéfọlá tún mi ètè.

"Mo sùn dáadáa, a dúpẹ́."

Adéfọlá pa ẹnu dé. Ó kàn ń wo ilẹ̀.

"Ara le koko," ni ọkọ wí, ó ń so okùn bàtà rẹ̀. "Princess á bá wa pẹ́." Ó sinmi díẹ̀, bó ṣe yẹ kéèyàn sinmi. "Àmín, àmín o."

Àmín sí àdúrà wo? Omijé ti bọ́ sílẹ̀ kí obìnrin náà tó mọ̀ pé òun ń sunkún. Láti ìgbà wo lòun ti ń kúnlẹ̀ kí ọkùnrin tí kò gbọ́ òun?

Morákinyọ̀ mú fìlà. Àga ṣọ́ọ̀ṣì kan ni Godfred, ọ̀gá tó ni ẹ̀rọ, ń retí, iṣẹ́ náà kò sì ṣeé sún síwájú. Ìgbà yẹn ni àyà Adéfọlá já. Ayùn! Bí ìṣó bá wà nínú igi, Kwabena ló ń rí i, Kwabena ló yẹ kó kígbe pé kó dúró. Kwabena kì í kígbe mọ́, ó ń fíláàṣì. Aago ni etí ọkọ rẹ̀, aago sì wà lórí tábìlì Táhírù.

Ó fò dìde, ó dí ẹnu ọ̀nà, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Ẹ kò gbọ́ mi," ló wí.

Morákinyọ̀ wo ẹnu rẹ̀. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò wá. Ó jókòó padà.

"Ariwo ayùn ló ń mú etí mi lọ díẹ̀díẹ̀," ló wí. "Ó ku ìwọ̀nba. Bí Godfred bá mọ̀, yóò gbé mi kúrò nídìí ẹ̀rọ. Ta ni mo wá jẹ́ mọ́ nígbà náà? Fọlá, má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Inú bí Adéfọlá, àánú sì ṣe é, ó fẹ́ dì mọ́ ọn, ó sì fẹ́ gbá a lójú. Ó súnmọ́ ọn, ó pariwo: "Mo lè bá yín purọ́ fún Godfred! Ta ni yóò bá yín purọ́ fún ayùn? Ọwọ́ yìí ni mo fẹ́, Bàbá Princess! Ọwọ́ yìí!"

Ọkùnrin náà wo ìka rẹ̀ tó wà nínú ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó ṣí fìlà.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún Godfred. Kwabena ló wà nídìí ayùn báyìí, Morákinyọ̀ ló ń yan igi tó sì ń to àga pọ̀. Ó dùn ún o, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Bó bá ń kọjá, ó ṣì máa ń fi ọwọ́ pa ẹ̀rọ náà lára. Owó tí Princess fẹ́ fi ra aago tuntun, wọ́n fi lọ rí dókítà elétí. Ó ní èyí tó lọ ti lọ, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí wọ́n lè fi sí etí tí yóò ran ìyókù lọ́wọ́. Wọ́n ń dúró dè é.

Aago àtijọ́ ńkọ́? Táhírù tún un ṣe, ó sì tún wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láràárọ̀, kí Adéfọlá tó kúnlẹ̀, a kọ́kọ́ fíláàṣì rẹ̀. Ọwọ́ ọkọ a gbọ̀n, a gbé ojú sókè wò ó. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Lọ́jọ́ kan láìpẹ́ yìí, Adéfọlá kí i tán, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan kún un tí kò sí nínú ìkíni. Morákinyọ̀ ya ẹnu láti dáhùn bó ṣe máa ń ṣe, ó sì tún pa á dé.

"Mi ò gbọ́ ìyẹn," ló wí. "Kí lo wí?"

Adéfọlá súnmọ́ ọn, ó sì tún un wí.